Ejò inú àpótí kò lè ké gbàjarè

Nígbà tí onídán ejò bá dé ọjà Ikpinlè tàbí ọjà mìíràn ní àgbègbè Adja-Ouèrè, kì í pẹ́ tí èrò fi máa ń yí i ká. Ìlù á dún, àpótí á ṣí, ejò á yọ orí. Àwọn ọmọdé á sá sẹ́yìn, wọn á tún padà wá. Onídán á gbé ejò kọ́ ọrùn, á fi ẹnu rẹ̀ kan orí ejò, èrò á hó yèè. Lẹ́yìn náà ni yóò mú ìyẹ̀fun oògùn jáde. Yóò ní oògùn náà ń pa oró ejò, àti pé ẹni tí ó bá ní in lápò kò ní bẹ̀rù nínú oko mọ́. Àgbẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta àgbàdo tàbí epo pupa á yọ owó, á ra oògùn, á sì máa lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Eré yìí ti pẹ́ láwùjọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rí aburú kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá méjì ni ó ń san gbèsè eré náà. Èkíní ni ejò, tí wọ́n ti ṣe léṣe kí ó tó dé ojú agbo. Èkejì ni àgbẹ̀, tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹ̀fun tí kò lè gbà á ní ọjọ́ tí ejò bá bù ú ṣán. Ó tó àkókò kí àwọn ará Adja-Ouèrè wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí wọ́n sì pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ gbà láàyè nínú ọjà wọn.

Ohun tí èrò kì í rí

Ejò olóró, irú bí ọká, sèbé àti paramọ́lẹ̀, ní àpò oró kékeré ní ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Láti inú àpò yìí ni oró ti ń gba inú eyín gígùn méjì jáde. Kí onídán tó lè máa fi irú ejò bẹ́ẹ̀ ṣeré láìbẹ̀rù, ó ní ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe sí i. Àwọn kan a máa fa eyín oró náà tu. Àwọn mìíràn a máa ba àpò oró náà jẹ́. Ní ìlú Marrakech, ní ilẹ̀ Mòrókò, níbi tí àwọn onídán ejò ti lókìkí ní gbàgede Jemaa el-Fna, àwọn ènìyàn ti rí ejò tí wọ́n fi okùn rán ẹnu rẹ̀ pa, kí ó má baà bu ẹnikẹ́ni ṣán.

Lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọgbẹ́ a máa kẹ̀ lẹ́nu ejò. Ẹnu rẹ̀ á wú, kò ní lè mú ẹran, kò ní lè gbé oúnjẹ mì. Ṣùgbọ́n ejò lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìjẹun kí ó tó kú. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wò ó á rò pé ara rẹ̀ le. Ikú ni ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kú, onídán á wá òmíràn lọ sínú igbó, eré á sì máa bá a lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orin tàbí ìlù ni ó ń mú ejò jó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ejò kò ní etí lóde bí ti ewúrẹ́ tàbí ti ènìyàn. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni ó máa ń mọ̀ jù lọ, nípa egungun àgbọ̀n rẹ̀. Ohun tí ó ń tẹ̀lé nínú agbo ni ọwọ́ onídán tí ń lọ tí ń bọ̀. Nígbà tí sèbé bá gbé orí sókè tí ó sì na ọrùn rẹ̀ fẹ̀, ìbẹ̀rù ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ fún ọ̀tá rẹ̀ pé kí ó dúró jìnnà. Bákan náà ni òjòlá kékeré tí ó ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, tí ó sì fi orí pamọ́ sí àárín. Àwọn òǹwòran á rẹ́rìn-ín, wọn á ní ejò náà mọ eré. Ejò náà ń wá ibi tí yóò sá sí ni, kò sì rí.

Bí ajá bá jẹ ìyà, á ké. Bí wọ́n bá fa ewúrẹ́ létí, á ké, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Ejò kò ní igbe. Ó lè pòṣé, ṣùgbọ́n kò lè sunkún. Nítorí pé a kò gbọ́ igbe rẹ̀, a rò pé kò dùn ún. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé, ẹni tí yóò bá fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe yìí kò yọ ẹ̀dá kankan sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ẹ̀dá tí a ń bẹ̀rù.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwọn òǹwòran mọ̀. Eyín ejò a máa hù padà. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni eyín tuntun ń dúró lẹ́yìn èyí tí ó wà lẹ́nu. Ejò tí wọ́n fa eyín oró rẹ̀ tu lónìí lè ní òmíràn láìpẹ́. Nítorí náà, ọmọdé tí ó na ọwọ́ kan ejò nínú agbo, nítorí wọ́n sọ pé kò lóró mọ́, ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Àwọn onídán pàápàá ti kú nípa bẹ́ẹ̀ ní onírúurú ilẹ̀.

Ejò àti àká àgbàdo

Ẹnìkan lè béèrè pé: kí ni ó kan àgbẹ̀ nínú ìyà ejò? Ejò ń pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá rí ejò, ṣe ni kí ó pa á.

Ìdáhùn wà nínú àká. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni àgbẹ̀ ilẹ̀ Plateau fi ń jẹun, tí ó sì fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀tá tí ó ń bá àgbẹ̀ pín àgbàdo lọ́dọọdún ni eku. Eku a máa jẹ ẹ́ lóko, á tún tẹ̀lé e wọ inú àká. Eku, òkété àti ọ̀yà a máa jẹ ọ̀pẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ní ìdí. Àwọn tí ó ń gbin ọ̀pẹ láti Sakété dé Pobè mọ̀ bí ìyẹn ṣe ń dunni tó.

Eku sì ni oúnjẹ erè àti òjòlá. Òjòlá a máa wọ inú ihò eku, á jẹ ìyá, á jẹ ọmọ. Kì í béèrè owó, kì í da oògùn olóró sórí oúnjẹ bí àwọn oògùn eku tí ń pa adìẹ àti ajá mọ́ eku. Nígbà tí ejò bá tán ní ilẹ̀ kan, eku ni yóò jọba níbẹ̀.

Eku tún ń gbé àìsàn kiri. Ibà Lassa, tí ó pa àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Benin ní ọdún 2014 àti ọdún 2016, ara eku kan tí ó fẹ́ràn láti máa gbé nínú ilé àti nínú àká ni ó ti ń wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń dáàbò bo ejò tí kò lóró ń dáàbò bo oúnjẹ àti ìlera ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe gbogbo ejò ni ó lóró. Erè àti òjòlá kò ní oró rárá. Fífún ni wọ́n ń fún ẹran pa. Òjòlá kékeré, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní python royal, kì í sábà kọjá mítà kan àti ààbọ̀. Ìtìjú ni ìwà rẹ̀. Nítorí pé kì í jà ni àwọn onídán àti àwọn oníṣòwò ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ni ó di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ẹyin rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó sábà máa ń yé láti 3 dé 11 ní ìgbà kan. Ìyá á ká ara rẹ̀ yí àwọn ẹyin náà ká fún bí oṣù méjì títí wọn yóò fi pa. Kì í ṣe ọdọọdún ni ó ń yé. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ihò tí ó sì mú abo tí ó lóyún, kì í ṣe ejò kan ni ó mú. Ìran kan ni ó kó lọ.

Òwò tí ó tóbi ju eré lọ

Onídán ejò tí ń rìn láti ọjà dé ọjà kọ́ ni ó ń mú ejò jù lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, òwò ńlá kan wà. Orílẹ̀-èdè Benin, Togo àti Ghana ni ìlú mẹ́ta tí wọ́n ti ń kó òjòlá kékeré jáde lọ sí Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sìn ín nínú ilé bí ẹni sin ológbò. Láti ọdún 1975 títí di àkókò yìí, iye tí wọ́n ti kó jáde láàyè láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ tí ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá inú igbó ní gbogbo ayé, ìyẹn ẹgbẹ́ UICN, kọ orúkọ ejò yìí sára àwọn ẹ̀dá tí ó ti sún mọ́ ewu.

Àdéhùn kan wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè lórí irú òwò bẹ́ẹ̀. CITES ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Washington ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní ọdún 1973, orílẹ̀-èdè Benin sì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1984. Àdéhùn náà fi erè àti òjòlá sí Àfikún Kejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé wọn kọjá ẹnubodè láìní ìwé àṣẹ ìjọba. Onídán tí ó bá gbé àpótí erè láti ilẹ̀ Nàìjíríà wọ Pobè, tàbí láti Adja-Ouèrè lọ sí Nàìjíríà, láìní ìwé, ti rú òfin ìlú méjèèjì.

Nínú ilé pẹ̀lú, òfin wà. Òfin 2002-16, tí ó jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004, ni ó ń ṣètò ọ̀rọ̀ àwọn ẹran ìgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin: bí a ṣe ń dọdẹ wọn, bí a ṣe ń mú wọn, àti bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ní ọdún 2021, òfin mìíràn tún jáde lórí òwò àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu. Àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts ni ìjọba fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Òfin kò sí lára àwọn ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí yóò kà á fún àwọn ará ọjà ní èdè tí wọ́n gbọ́ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Àṣà kọ́ ni ó ní kí a fìyà jẹ ejò

Àwọn kan yóò ní eré ejò jẹ́ àṣà àwọn baba, àti pé ẹni tí ó bá ta kò ó ń ta kò àṣà. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún ìdáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ouidah. Níbẹ̀ ni ilé òrìṣà Dàngbé wà, ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Àwọn ará ilẹ̀ Xwéda ti ń bọ òjòlá kí Ọba Agaja ti Dahomey tó ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1727, ìsìn náà kò sì parun. Láàárín àwọn olùsìn Dàngbé, èèwọ̀ ni pípa òjòlá. Bí ó bá wọ inú ilé, ẹnikẹ́ni kì í lù ú. Wọn á gbé e jẹ́jẹ́ padà. Bí wọ́n bá bá òkú rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn á sin ín. Àwọn Yorùbá náà kò fi ejò ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n so erè mọ́ Òṣùmàrè, òrìṣà tí òṣùmàrè ojú ọ̀run jẹ́ àmì rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni àṣà gbé ka orí ejò.

Nígbà náà, níbo ni fífa eyín tu ti wá? Níbo ni títi ejò mọ́ àpótí dúdú láìsí omi àti oòrùn ti wá? Ìyẹn kì í ṣe ìsìn, kì í sì í ṣe ọ̀wọ̀. Owó ni. Ní Ouidah pàápàá, níbi tí àlejò ti ń sanwó kí wọ́n lè gbé òjòlá kọ́ ọrùn rẹ̀ fún fọ́tò, ó yẹ kí àwọn alábòójútó máa bi ara wọn léèrè iye ìgbà tí ejò kan lè gba ọwọ́ sí ọwọ́ lójúmọ́ kí ó tó sú u. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà àṣà, ẹ̀gbẹ́ ejò ni yóò dúró sí.

Ìyẹ̀fun tí ń pa ènìyàn

Ìyà ejò nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí ó burú jù ni irọ́ tí wọ́n ń tà pẹ̀lú eré náà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín 81,000 sí 138,000 ènìyàn ni oró ejò ń pa lọ́dún ní gbogbo ayé. Àwọn tí wọ́n ń gé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn, tàbí tí wọ́n ń di aláàbọ̀ ara, tó ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn. Àgbẹ̀ àti ọmọ àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún 2017, àjọ náà fi oró ejò sára àwọn àìsàn tí ayé ti gbàgbé tì. Ní ọdún 2019, ó gbé ètò kalẹ̀ pé kí iye àwọn tí ó ń kú dín kù sí ìdajì kí ó tó di ọdún 2030.

Oògùn kan ṣoṣo ni ó wà tí a ti dán wò tí ó sì ń pa oró inú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi oró ejò gan-an ṣe ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sérum antivenimeux. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fún ni. Ìyẹ̀fun ọjà kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òkúta dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ kò lè fa oró jáde. Bí ènìyàn bá lo ìyẹ̀fun tí kò sì kú, ó lè jẹ́ pé ejò tí ó bù ú ṣán kò lóró, tàbí pé ejò olóró náà kò tú oró sí i lára. Irú èyí a máa ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òun ni ó sì ń sọ onídán di ẹni ńlá lójú èrò.

Ẹ wo bí ẹ̀tàn náà ṣe rí. Èrò rí i pé ejò bu onídán ṣán, onídán lo ìyẹ̀fun rẹ̀, kò sì kú. Wọn kò mọ̀ pé ejò náà kò ní eyín oró mọ́. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ejò ni ó di ẹ̀rí èké fún oògùn. Bí àgbẹ̀ tí ó ra oògùn náà bá pàdé ejò tí eyín rẹ̀ pé nínú oko, yóò kọ́kọ́ dá ìyẹ̀fun sójú ọgbẹ́, yóò sì máa dúró de ìwòsàn. Wákàtí tí ó fi dúró ni wákàtí tí oró ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe bí ejò bá bù ú ṣán kò le. Kí ó kúrò níbi tí ejò wà. Kí ó bọ́ òrùka, ẹ̀gbà tàbí bàtà tí ó wà ní apá ibẹ̀, kí wíwú tó dé. Kí ó má ṣe sáré, kí ó má sì ṣe mi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà. Kí wọ́n má ṣe gé ojú ọgbẹ́, kí wọ́n má ṣe fi ẹnu fà á, kí wọ́n má sì ṣe fi okùn dì í pinpin. Kí wọ́n gbé e lọ kíákíá, ìbáà jẹ́ lórí zémìjàn, sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ wọn jù, kí àwọn ibẹ̀ sì wò bí yóò bá yẹ kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Pobè. Bí ó bá jẹ́ lórí zémìjàn, kí ẹnìkan jókòó lẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú.

Onídán náà ní ọmọ láti bọ́

Kò ní dára kí ìlú dìde sí onídán bí ẹni dìde sí olè. Òun náà ní aya, ó ní ọmọ, iṣẹ́ tí baba rẹ̀ kọ́ ọ ni ó ń ṣe. Bí wọ́n bá kàn lé e jáde ní Ikpinlè, yóò lọ ṣeré ní ọjà mìíràn. Ejò kò ní jèrè, ìlú kò sì ní jèrè.

Ilẹ̀ Íńdíà ti kọjá ibi tí a wà yìí. Ní ọdún 1972, òfin ibẹ̀ ka mímú ejò inú igbó àti fífi í ṣeré léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ onídán di aláìníṣẹ́, àwọn mìíràn sì ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Irula. Wọ́n mọ ọ̀nà tí a fi ń mú ejò ju ẹnikẹ́ni lọ, awọ ejò ni wọ́n sì ń tà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1978, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Romulus Whitaker, onímọ̀ nípa ejò, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ń mú ejò láàyè, wọn á tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn á fún oró rẹ̀ sínú ìgò, lẹ́yìn náà wọn á dá ejò padà sínú igbó. Oró náà ni wọ́n ń tà fún àwọn tí ń ṣe abẹ́rẹ́ tí ń pa oró. Ọgbọ́n tí ó ń pa ejò tẹ́lẹ̀ di èyí tí ó ń gba ènìyàn là.

Adja-Ouèrè kò ní ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí abúlé tí ejò kì í wọ inú ilé tàbí inú àká nígbà òjò. Nígbà náà, igbe àti igi ni ó máa ń tẹ̀lé e, ènìyàn sì máa ń fara pa. Ẹni tí ó mọ ejò í mú lè máa wá gbé e kúrò, kí ó sì gbà owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ó dá ejò sí ibi tí ó jìnnà sí ilé. Ó lè bá àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts ṣiṣẹ́. Ó lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́, láìgbé ejò kankan dání, kí ó fi àwòrán kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń mọ ejò olóró yàtọ̀ sí èyí tí kò lóró. Iṣẹ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí, wọ́n sì lọ́lá ju kí ènìyàn máa fi ẹ̀dá tí kò lè jà mọ́ tọrọ owó lọ.

Ohun tí ó kù fún ìlú láti ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí kan mẹ́ẹ̀rì àti àwọn ìgbìmọ̀ komínì. Wọ́n lè fi í sínú òfin ọjà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ejò wọ ọjà láìfi ìwé àṣẹ Eaux et Forêts hàn, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta oògùn oró ejò nínú agbo eré. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Faransé, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà. Ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọkùnrin tí wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àgbà yóò lè kà á fún àwọn tí kò tíì lè kà.

Ó kan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, kí wọ́n sọ fún gbogbo abúlé ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Bí abẹ́rẹ́ kò bá sí, kí àwọn ará ìlú béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n dìbò fún. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin ti ọdún 1990 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ìlera, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tí ó dára.

Ó kan àwọn òbí àti olùkọ́. Owó tí ọmọ jù sínú agbo ni ó ń ra ejò tí ń bọ̀. Bí kò bá sí owó, kò ní sí eré.

Ó sì kan ẹni tí ó bá rí ejò tí wọ́n tì mọ́lé tàbí tí wọ́n ṣe léṣe. Kí ó má ṣe bá onídán jà, kí ó má sì ṣe tú ejò náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ejò tí kò ní eyín kò lè wá oúnjẹ jẹ nínú igbó, ejò olóró tí a tú sílẹ̀ láàárín ìlú sì lè pa ènìyàn. Kí ó fi tó àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts létí.

Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ejò kò lè kọ́wọ̀ọ́ rìn. Ènìyàn ni ó lè ṣe é. Bí mẹ́ẹ̀rì, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ bá kọ́wọ̀ọ́ rìn lórí ọ̀rọ̀ yìí, àpótí onídán yóò ṣófo, àká àgbàdo yóò kún, àgbẹ̀ tí ejò bá bù ṣán yóò sì dé ilé ìwòsàn lásìkò.